Òdo Níwájú Orúkọ Alàgbà

Job Gbénró kì í ṣe ènìyàn burúkú. Mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mọ ìyẹn, kí ẹ má baà rò pé ọ̀tá mi ni. Ọmọ Èkìtì ni, sítọ́kípà ni ní ilé-iṣẹ́ ọ̀dà kan ní Oregun, ẹni tó bá sì gbé garawa ọ̀dà pupa sí àyè ọ̀dà funfun níbẹ̀, wọn yóò gbọ́ ohùn Job dé òpópónà. Ó fẹ́ kí gbogbo nǹkan wà ní àyè rẹ̀. Bí ó bá jẹun tán nílé mi, òun fúnra rẹ̀ ni yóò to ife ìyàwó mi láti orí èyí tó tóbi dé orí èyí tó kéré, ìyàwó mi á sì máa fojú bá mi sọ̀rọ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni kò bọ́ sí àyè rẹ̀ nínú ayé Job: kò tíì gba òróró. Ní ìjọ aláṣọ funfun wa ní Agege, Arákùnrin lásán ni ọkùnrin jẹ́ títí wọn yóò fi da òróró sí i lórí, tí yóò di Alàgbà. Wòlíì ló wà lókè pátápátá. Ibi tí ọkọ bá dé náà ni ìjókòó ìyàwó ń dé. Ọdọọdún ni wọ́n ń ka orúkọ, ọdọọdún ni wọ́n ń fo Job, Tinúadé ìyàwó rẹ̀ kò sì jẹ́ kó gbàgbé. Alàgbà Ìgbẹ́kẹ̀lé ló ń kọ orúkọ àwọn tí yóò gba òróró. Ẹni tó bá fẹ́ oyè ní ìjọ wa, kó má ṣe múnú bí bàbá yẹn.

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan tí ìjọba alágbádá padà dé, ìjọ ra kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ kan ní Ìkẹjà. Kásẹ́ẹ̀tì orin wa ti ń bàjẹ́ nínú páálí, Wòlíì David sì ní kí a kó gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Ta ni yóò ṣe é bí kò ṣe Job?

Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín pé orin wa kì í ní àkọlé. Inú àdúrà ni orin ti ń sọ̀ kalẹ̀ fún ẹnì kan, yóò dá a, ìjọ yóò gbè é, ẹni tó dá a ló sì ni ín títí ayé. Bí ẹ bá ní kí akọrin kọ orin Arákùnrin Rótìmí, ìyẹn èmi, kò sẹ́ni tí yóò béèrè pé èwo. Nítorí náà, orúkọ ẹni tó dá orin ni Job fi sọ fáìlì kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú oyè rẹ̀, torí ọmọ tí a kọ́ nílé kì í kọ orúkọ àgbà lásán. Iṣẹ́ náà mọ́. Mo yìn ín.

Àmọ́ kọ̀ǹpútà kò mọ àgbà. A, B, D ló mọ̀. Ó to àwọn Alàgbà sókè, ó to Arábìnrin tẹ̀lé wọn, Arákùnrin tẹ̀lé Arábìnrin, ó wá fi Wòlíì, olórí gbogbo wa, sí ìsàlẹ̀ pátápátá, lábẹ́ Arákùnrin Mùíbì tó ń gbálẹ̀ ọgbà ìjọ. Wòlíì wò ó, kò sọ̀rọ̀. Kí àgbà wo nǹkan kó má sọ̀rọ̀, ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹjọ́ ńlá nìyẹn.

Job wá lo ọgbọ́n sítọ́ọ̀. Ó fi nọ́ńbà síwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan bí ipò ṣe tẹ̀ lé ipò. Wòlíì ni 1, Alàgbà Ìgbẹ́kẹ̀lé ni 2, ó ń lọ bẹ́ẹ̀ dé orí Arábìnrin Àdùkẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́ akọrin, òun ni 150. Ó pe Alàgbà wá wò ó. Kọ̀ǹpútà ti fi 10 tẹ̀ lé 1, ó fi 100 tẹ̀ lé 10, ó kó gbogbo ohun tó fi 1 bẹ̀rẹ̀ jọ, títí kan Àdùkẹ́, kí ó tó ráyè fún 2. Alàgbà ka àwọn ọmọdé tó ṣáájú rẹ̀, ó kà wọ́n tì.

Job bẹ̀bẹ̀. Ó wádìí lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀, wọ́n ní kó fi òdo síwájú àwọn nọ́ńbà tó kéré. Ó ṣe é: Wòlíì di 001, Alàgbà di 002, Àdùkẹ́ sì padà sí ìsàlẹ̀ tó yẹ ẹ́. Ojú ara rẹ̀ ni Job fi rí i pé gbogbo nǹkan tò. Ó tún ránṣẹ́ pe Alàgbà.

Bàbá náà gbé díńgí ojú rẹ̀ wọ̀, ó tẹjú mọ́ ọn.

“Job,” ó ní, “gbogbo ìwé tí mo kà láyé mi, tíṣà kankan ò fún mi ní òdo rí. Ìwọ wá fún mi ní méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nínú ilé Ọlọ́run.”

Job ní Wòlíì náà ní òdo méjì. Ọ̀rọ̀ yẹn ni kò yẹ kó sọ. Alàgbà wo ìsàlẹ̀, ó rí i pé Àdùkẹ́ kò ní òdo kankan níwájú, ó sì jáde láìdágbére. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ gan-an ni wọn yóò kọ orúkọ àwọn tí yóò gba òróró.

Tinúadé gbọ́ kí Job tó délé.

“Bàbá Tófúnmi,” ó ní, “ẹ bá mi yọ òdo yẹn kúrò lórí bàbá olóore. Ó ti sú mi kí n máa wo ẹ̀yìn orí ènìyàn kí n tó rí pẹpẹ.”

Àánú ọkùnrin náà ṣe mí ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Ó rù. Àfi bó ṣe sáré wá bá mi níbi tí mo ti ń tún gìtá ṣe, ó ní òun ti rí i: ta ló sọ pé orí oókan ni ènìyàn gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà? Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí 111. Wòlíì di 111, Alàgbà Ìgbẹ́kẹ̀lé di 112, kò sí òdo níwájú ẹnikẹ́ni, kọ̀ǹpútà sì tò wọ́n wẹ́kú. Alàgbà wo 112 títí, ó ní nọ́ńbà náà sanra dáadáa. Ó kọ orúkọ Job.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tí wọ́n da òróró sí i lórí, òun àti àwọn mẹ́rin mìíràn, èmi ni mo na aṣọ ìnujú sí i, inú mi sì dùn dé ọkàn. Tinúadé jókòó níwájú pátápátá, ó ń wo pẹpẹ bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e débẹ̀ ni.

Ní ọjọ́ kejì mo yà ní ọ́fíìsì ìjọ. Job wà nídìí kọ̀ǹpútà pẹ̀lú àmùrè tuntun, Tinúadé jókòó tì í. Job fẹ́ gbé orúkọ ara rẹ̀ lọ sáàárín àwọn Alàgbà, ṣùgbọ́n kò sí àlàfo níbẹ̀. Kí àwọn márùn-ún tó wọlé, gbogbo Arákùnrin tó kù gbọ́dọ̀ sún sísàlẹ̀, ọwọ́ ló sì fi ń yí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú mi. Mo ní, Job, etí la fi ń gbọ́ orin, ta ló ń wo nọ́ńbà? Tinúadé ní kì í ṣe Job lásán mọ́, Alàgbà Job ni.

Mo ṣì ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ nígbà tó dé orí tèmi. Mo rí i tó pa 131 rẹ́, tó sì tẹ 136.

Ẹ̀rín tán lẹ́nu mi. Inú bí mi, inú bí mi gan-an ni. Èmi tí mo ti ń ta gìtá kí òpó ìjọ tó dúró!

“Ẹ jọ̀ọ́, Alàgbà Job,” mo ní, “kí ni mo ṣe tí ẹ fi sọ̀ mí kalẹ̀?”

Kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Ó ní kì í ṣe òun ló ń kọ orúkọ, kí n lọ bá Alàgbà Ìgbẹ́kẹ̀lé sọ ọ́.

Mo lọ.