Aago Tí Mo Lọ Rà Ní Bẹ́yẹrúnká

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí mo fi wọ mọ́tò ní gáréèjì Oǹdó. Ìbàdàn ni mò ń lọ, aago ló sì ń gbé mi lọ. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi mọ̀ pé aago ọwọ́ àtijọ́ ni mò ń kó jọ, pàápàá irú èyí tó ní bọ́tìnnì lẹ́gbẹ̀ẹ́: ẹ tẹ̀ ẹ́, abẹ́rẹ́ kan á máa sáré, ẹ tún un tẹ̀, á dúró. Kironógíráàfù ni òyìnbó ń pè é. Adénikẹ̀ẹ́ tó ń kó aṣọ wá fún mi láti Ìbàdàn ló sọ pé ìyá òun, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, ní ọ̀kan tó ṣeé ṣe kó tà.

Náírà mẹ́ta lowó ọkọ̀ nígbà náà. Ọ̀nà dára títí a fi kọjá Ifẹ̀, níbi tí òjò ti wú ọ̀dà. Nígbà tí a dé Ìbàdàn, takisí já mi sílẹ̀ l'Ọ́jà'ba.

“Ẹ gun òkè yìí, ẹ kọjá Màpó,” awakọ̀ náà ní. “Ẹ bá dé Bẹẹrẹ, ẹ béèrè.”

Nílé wa, wọ́n á kàn nawọ́ sí ọ̀nà fún àlejò ni. Ní Bẹẹrẹ, bàbá àgbàlagbà kan fi ìjókòó rẹ̀ sílẹ̀, ó sìn mí dé Bẹ́yẹrúnká. Èmi ni mò ń ní kó dúró kí n mí.

Màmá Adénikẹ̀ẹ́ gbé ẹ̀kọ àti ọ̀lẹ̀lẹ̀ fún mi. Mọ́ínmọ́ín ni àwa ń pè é. Aago náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nọ́ńbà pupa kéékèèké yí etí ojú aago náà ká. N kò rí irú rẹ̀ rí, mo bi í pé kí ni wọ́n wà fún.

“Ẹ mú ọwọ́ yín wá.”

Ó fi ìka kan iṣan ọrùn-ọwọ́ mi, ó tẹ bọ́tìnnì, ètè rẹ̀ ń mì bó ti ń ka bí iṣan náà ṣe ń lù. Ó wo ibi tí abẹ́rẹ́ dúró sí lára nọ́ńbà pupa, ó wò mí, ó tún un ṣe. Mò ń rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

“Ṣé ó ti pẹ́ tó ti ń rẹ̀ yín báyìí?”

“Òkè yín ni, Màmá.”

“Kì í ṣe òkè. Ọkàn yín ń sáré, ó sì ń fo. Ẹ dìde, ká lọ rí dókítà.”

“Aago ń kọ́?”

“A ò tíì dé ibẹ̀.”

Dókítà ní ọpẹ́lọpẹ́ ẹni tó mú mi wá. Ọsibítù ni mo sùn. Lọ́jọ́ kejì wọ́n fún mi lóògùn, Màmá sì mú mi padà sílé rẹ̀. Ó bọ́ aago náà sí àtẹ́lẹwọ́ mi.

“Torí rẹ̀ lẹ ṣe wá. Iye tó bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ mú un wá.”

Bí mo ti ń yẹ̀ ẹ́ wò ni obìnrin àdúgbò kan gbé ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná wọlé. “Màmá, ẹ gbà mí!”

Màmá ti di ọwọ́ ọmọ náà mú. Láìwo ẹ̀yìn, ó na ọwọ́ kejì sí mi. Mo gbé aago náà lé e. N kò sọ pé mo fẹ́ rà á mọ́.

Nínú mọ́tò tó ń gbé mi bọ̀, mo ronú sí i. Bí aago ṣe ṣọ̀wọ́n tó ni mo máa ń béèrè. N kò béèrè ẹni tí aago ń bá ṣiṣẹ́ rí.

Nígbà tí mo délé, àwọn ọmọ pariwo “Ẹ káàbọ̀!” láti ibi tí wọ́n ti ń ta ayò. Ìyàwó mi wo ọwọ́ mi. “Aago dà?”

Mo jókòó, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó yíjú sí àwọn ọmọ lóde.

“Ẹ fi ayò yẹn sílẹ̀,” ó ní. “Ẹ wá kí bàbá yín dáadáa.”