Ibùdókọ̀ Láfẹ́nwá tí Mákánjúọlá Kọ́

Bí ẹ bá bi àwọn ará àdúgbò Ọ̀gbẹ́ni Adéjìmí ní Ṣómólú léèrè ohun tó ń ṣe nínú yàrá ẹ̀yìn tó máa ń tì pa ní ọ̀sán Sátidé, ìdáhùn wọn ò ní í bára mu. Àwọn kan á ní ìwé ló ń kọ. Àwọn mìíràn á ní àdúrà ló ń gbà, torí díákónì ni ní ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé, bàbá tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ tí wọ́n bá rí i lọ́ọ̀ọ́kán, orí ìkúnlẹ̀ ló wà níbẹ̀, tó ń wo ọkọ̀ ojú irin tí kò gùn ju ọwọ́ rẹ̀ lọ bó ṣe ń gba orí afárá onípáálí kọjá.

Àwọn mẹ́ta ni wọ́n jọ ń ṣe é. Rẹ̀mí ń ṣiṣẹ́ ní yàrá ìmọ̀ ẹ̀rọ kan ní yunifásítì tó wà ní Àkókà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ló ń fi orí ọkọ̀ àti kóòṣì tó ń fi iná mànàmáná rìn ránṣẹ́. Adéjìmí ló ń ṣe òkè àti afárá. Mákánjúọlá, tó ń fi ẹ̀rọ gé pépà nílé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú, òun ló ń kọ́lé. Àjákù páálí tí àwọn ọ̀gá rẹ̀ bá dà nù ló fi ń kọ́ ọ, kò sì sí ẹni tó lè bá a dù ú. Olúkúlùkù ní pákó tirẹ̀ nílé, wọ́n sì ti jọ wọn etí rẹ̀ kí irin lè pàdé irin. Ọjọ́ tí wọ́n bá so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ọkọ̀ á gbéra ní ibùdókọ̀ Ìdó lórí pákó Rẹ̀mí, á gun òkè Adéjìmí, á sì wọ ìlú Mákánjúọlá lọ. Ọkọ̀ gidi ò fi bẹ́ẹ̀ rìn mọ́ nígbà yẹn, ṣùgbọ́n tiwọn kì í pẹ́ kó tó dé.

Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n ní, Adéjìmí fúnra rẹ̀ ló sì gbé e kalẹ̀: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pe iṣẹ́ wọn ní nǹkan ìṣeré. Ẹni bá pè é bẹ́ẹ̀ á ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún gbogbo ilé. Nínú yàrá yẹn, ojú ò tì í rárá. Ìta ni ojú ti ń tì í, ìtìjú ọ̀hún sì le. Ó ń ronú ohun tí wọ́n máa sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń ronú ohun tí àwọn tíṣà máa fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Mákánjúọlá kì í ṣe ọ̀rẹ́ àná. Bàrígà ni wọ́n ti jọ gba yàrá nínú ilé kan nígbà tí Adéjìmí ń ti Ọ̀yọ́ bọ̀, tí Mákánjúọlá ń ti Abẹ́òkúta bọ̀. Ọjọ́ tí ìyàwó Adéjìmí rọbí Dọlápọ̀, tí ọkọ rẹ̀ ò sí nílé, Mákánjúọlá ló sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn, òun ni nọ́ọ̀sì sì kọ́kọ́ gbé ọmọ fún. Ìgbà tí Dọlápọ̀ dàgbà tó ẹni ń sọ̀rọ̀, Dádì Ladi-Lak ló ń pè é, torí àdúgbò Ladi-Lak ló kó lọ.

Sátidé kan, nígbà tí ìbò kejì lábẹ́ ìjọba alágbádá kù díẹ̀, tí àwọn ilé ìtẹ̀wé ń tẹ fọ́tò àwọn olóṣèlú bí ẹni ń ṣe búrẹ́dì, àwọn òbí Ọlámilékan yà sí ilé Adéjìmí. Ọlámilékan ló fẹ́ fẹ́ Dọlápọ̀. Wọ́n ní àwọn kàn ní kí àwọn kí wọn ni, kí ètò mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Agbẹjọ́rò ni Bàbá Ọlámilékan, ilé ńlá ló kọ́ sí Àkókà. Ó rọra gbé fóònù alágbèéká rẹ̀, tí kò tíì wọ́pọ̀ nígbà yẹn, lé orí tábìlì. Adéjìmí ti múra láti tóbi lójú wọn. Ó ti sọ̀rọ̀ ilé-ìwé, ó ti sọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì ti ń fi òyìnbó há a láàárín. Dọlápọ̀ wà nínú yàrá, wọn ò tíì ní kó jáde.

Àsìkò yẹn gan-an ni Mákánjúọlá wọlé. Ẹsẹ̀ ló fi rìn láti Ladi-Lak, torí kò lè fi ohun tó rù sọ́wọ́ ọlọ́kadà kankan. Òógùn bo ojú rẹ̀, yíǹkì dúdú wà lára ṣòkòtò rẹ̀. Ayọ̀ ò jẹ́ kó wo ẹni tó jókòó. Ó sọ ẹrù náà kalẹ̀ láàárín pálọ̀, ó ká aṣọ tó fi bò ó kúrò.

"Jìmí, ó ti parí," ló wí. "Láfẹ́nwá ti dé."

Ó dé lóòótọ́. Ẹ̀gbẹ́ ibùdókọ̀ ojú irin Láfẹ́nwá ní Abẹ́òkúta ni wọ́n ti bí Mákánjúọlá, ó sì ti tó ọdún méjì tó ti ń fi páálí kọ́ irú rẹ̀. Páánù rẹ̀ dípẹtà bó ṣe yẹ kó dípẹtà. Fèrèsé rẹ̀ ṣeé ṣí. Ìyá ọlọ́sàn kan tí kò tó ìdajì igi ìṣáná dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin pẹ̀lú àtẹ lórí, ìyá Mákánjúọlá nìyẹn, tó fi ọsàn títà tọ́ ọ.

Bàbá Ọlámilékan tẹ̀ síwájú lórí àga. "Àna mi, kí nìyí?"

Adéjìmí wo yíǹkì ara ṣòkòtò yẹn. "Jìmí" tí Mákánjúọlá pè é ṣì ń hó létí rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ yá ju ọkàn rẹ̀ lọ.

"Ẹ má dá a lóhùn, sà," ló wí. "Káfíńtà kan tó máa ń bá wa tún àga ṣe ni. Ó tún ń ṣe nǹkan ìṣeré ọmọdé. Bóyá ó ní kí n bá òun wá oníbàárà."

Mákánjúọlá wo ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó wo àwọn àlejò, ó sì yé e. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá Ọlámilékan.

"Ẹ má bínú, ọ̀gá," ló sọ fún Adéjìmí. "Mi ò mọ̀ pé ẹ ní àlejò."

Ó da aṣọ bo Láfẹ́nwá, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbé e. Ẹrù bẹ́ẹ̀, wọ́n máa ń báni gbé e rù ni. Adéjìmí ò dìde. Bàbá Ọlámilékan ló dìde, tòun ti agbádá, tó bá a gbé e lé orí, tó sì bi í níbi tí wọ́n ti lè rí i. Mákánjúọlá ní Ladi-Lak ni, ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí. Ó dúpẹ́, ó sì jáde.

Nígbà tí àlejò lọ tán, ìyàwó Adéjìmí, tó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà kíṣìnì, dúró níwájú rẹ̀.

"Dádì Dọlápọ̀, ta lẹ pè ní káfíńtà?"

"Mo máa lọ bẹ̀ ẹ́."

"Ẹyin lohùn o."

"Mo ní mo máa lọ bẹ̀ ẹ́. Jọ̀ọ́, má jẹ́ kí Dọlápọ̀ gbọ́."

Kò lọ. Ẹni ojú ń tì kì í yá lẹ́sẹ̀. Ó dé ìyànà Ladi-Lak lẹ́ẹ̀kan, ó ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò fẹ́ jẹ, ó padà sílé. Sátidé tó tẹ̀ lé e, Rẹ̀mí nìkan ló wá. Mákánjúọlá ránṣẹ́ pé iṣẹ́ àwọn olóṣèlú ò jẹ́ kí òun gbádùn. Nígbà tí Adéjìmí fi máa ki ara rẹ̀ láyà dé ilé rẹ̀, oṣù kan ti kọjá. Mákánjúọlá gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ó ní kí wọ́n ra Fáńtà wá.

"Mákán, ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn..." Adéjìmí bẹ̀rẹ̀.

"Ọjọ́ wo?" ni Mákánjúọlá wí. "Ìyàwó ńkọ́? Dọlápọ̀ mi ńkọ́? Ètò ń lọ dáadáa?"

Adéjìmí ní ó ń lọ dáadáa. Ó wo orí tábìlì tí Láfẹ́nwá máa ń wà. Òfìfo ni. Ó bi í léèrè, Mákánjúọlá ní òun ti gbé e kúrò níbí. Adéjìmí rò pé ọ̀rẹ́ òun ò fẹ́ fi hàn òun mọ́ ni. Kò bẹ ẹ̀bẹ̀ tó tìtorí rẹ̀ wá. Fáńtà yẹn korò lẹ́nu rẹ̀ títí tó fi délé.

Wọ́n dá ọjọ́ ìgbéyàwó, Bàbá Ọlámilékan sì pè wọ́n wá jẹun ní Àkókà lọ́jọ́ Àìkú. Adéjìmí, ìyàwó rẹ̀ àti Dọlápọ̀ ló lọ. Wọ́n jẹ ìrẹsì, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ni Níní, ọmọ-ọmọ Bàbá Ọlámilékan, tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, bá fi okùn fa nǹkan kan wọlé, tó ń dún gbàràgàdà lórí táìlì. Ó so okùn mọ́ ọn lọ́rùn bí ẹran. Ó ti jókòó lé òrùlé rẹ̀. Ó ti fi kíréyọ̀nù kun fèrèsé. Ìyá ọlọ́sàn ò sí níbẹ̀ mọ́, àmì gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ ló kù níbi tó dúró sí.

Ṣíbí dúró lọ́wọ́ Adéjìmí.

"Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ káfíńtà yín," ni Bàbá Ọlámilékan wí. "Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe irú rẹ̀ fún Níní. Ó ní iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn òun, ṣùgbọ́n kí n gbé èyí tó ti ṣe tán. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Ó ní àna ọ̀gá òun ni mí."

Ó mu omi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ jẹ́ n jẹ́wọ́ fún yín, níwọ̀n ìgbà tí a ti di ọ̀kan. Kì í ṣe tìtorí nǹkan ìṣeré ni mo ṣe lọ. Ẹ mọ̀ pé èèyàn gbọ́dọ̀ ṣe ìwádìí kó tó fẹ́ ọmọ nílé ẹlòmíràn. Mo ní ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún èèyàn ló máa mọ ìwà rẹ̀. Ìyàwó mi ò kọ́kọ́ fẹ́, ẹ má bínú, ó ní ẹ fẹ́ràn ipò. Káfíńtà yẹn ló yí i lọ́kàn padà. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti mọ̀ yín, òun ò rí i kí ẹ fojú tẹ́ńbẹ́lú ẹnì kankan rí. Ó ní ọmọ tó bá ti ilé yín jáde, ká lọ fọkàn balẹ̀."

Adéjìmí lè dákẹ́. Gbogbo nǹkan ti bọ́ sí i, ọjọ́ ìgbéyàwó ti wà nílẹ̀, ẹnì kan ò sì ní kó sọ̀rọ̀. Ó wo Níní tó ń fa Láfẹ́nwá gba ẹsẹ̀ àga kọjá, ó gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Irọ́ ni mo pa fún yín, sà," ló wí. "Kì í ṣe káfíńtà. Kò tún àga kankan ṣe nílé mi rí. Ọ̀rẹ́ mi ni, láti ìgbà tí mi ò ní nǹkan kan. Ṣòkòtò rẹ̀ dọ̀tí lọ́jọ́ yẹn, ojú sì tì mí níwájú yín."

Bàbá Ọlámilékan yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó gbé e sílẹ̀. Dọlápọ̀, tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, yíjú sí bàbá rẹ̀.

"Dádì, ta ni?"

"Mákánjúọlá ni."

"Dádì Ladi-Lak?" ni Dọlápọ̀ wí. "Èmi ni mo lọ fún un ní ìwé ìpè ìgbéyàwó lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní òun ò ní lè wá, pé ilé lòun ti máa ṣàdúrà fún mi. Mo bi í pé kí ló dé, ó ní òun ò fẹ́ kí ojú tì yín."