Owó Ìfiránṣẹ́ Kẹ̀kẹ́ Aago Màmá Filomínà

Orí àtẹ̀gùn ilé wọn ní Pópó Àgùdà ni Màmá Filomínà ti pè mí ní olè. Wọn kò pariwo. Wọ́n kàn na ọwọ́, wọ́n wá èjìká mi títí ọwọ́ wọn fi bà á, wọ́n wá sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé, "Sìkírá, ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ kì í ṣe olè. Níbo lo ti kọ́ tìrẹ?"

Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń tún aago ṣe nígbà náà. Àwọn oníbàárà ti bá mi jà rí pé mo pẹ́ jù, wọ́n ti ní mo gba owó jù, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò tíì pè mí bẹ́ẹ̀ rí. Mo sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn náà láìdágbére.

Ìsàlẹ̀ Gángan ni wọ́n bí mi sí, Ìta Fájì ni mo ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bàbá Láwànì. Wọn kò kọ́kọ́ fẹ́ gbà mí. Wọ́n ní ọwọ́ obìnrin kì í kúrò lára ata, pé ata ni yóò ba aago àwọn ènìyàn jẹ́. Àbúrò bàbá mi ló bẹ̀ wọ́n. Ọdún kan gbáko ni mo fi ń fọ sìkúrù nínú kẹrosíìnì, kí wọ́n tó jẹ́ kí n tú aago kan palẹ̀ kí n sì tún un tò. Ìkìlọ̀ wọn lórí oníbàárà kò pọ̀: "Bí ìjà bá dé, má fi aago ẹni ẹlẹ́ni dógò." Nígbà tí wọ́n kú, èmi ni mo jókòó sídìí tábìlì wọn.

Aago ògiri ni aago Màmá. Bàbá wọn àgbà ló gbé e sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ nígbà tí àwọn Àgùdà ń ti Bàhíà ní ilẹ̀ Bràsíìlì padà wálé. Láti ìgbà tí ojú wọn kò ti ríran mọ́, dídún aago yìí ni wọ́n fi ń mọ ìgbà tí wọ́n máa lo oògùn àti ìgbà tí wọ́n máa lọ sí máàsì. Lọ́jọ́ kan, kẹ̀kẹ́ onídẹ kékeré tó ń ka iye ìgbà tí aago máa dún ká léyín. Mo wá irú rẹ̀ ní Ìdúmọ̀tà títí, n kò rí. Alágbẹ̀dẹ idẹ kan rọ òmíràn fún wa. Ọ̀sán gangan ni a gbé e wọ inú aago, aago sì dún nígbà mẹ́tàdínlógún.

Màmá kà á parí. Wọ́n ní, "Sìkírá, ìlú wo lo gbé mi dé yìí?"

A rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ẹ̀rín náà fi tán. Tèrésà, ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn tó ń tọ́jú wọn, wá sọ fún mi pé Màmá ti lo oògùn lẹ́ẹ̀mejì láàárín òwúrọ̀ kan. Wọ́n rò pé ilẹ̀ ti ṣú.

Ìgbà tí ẹgbẹ̀rún ọdún méjì ku ọdún kan nìyẹn. Múfútáù, ọmọ àbúrò bàbá mi tó wà ní Amẹ́ríkà, sọ fún mi lórí fóònù pé ọjà gbàǹjo kan wà lórí kọ̀ǹpútà, tí ènìyàn lè jókòó sílé kí ó máa dá iye lé ọjà. Mo lọ sí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kan ní òpópónà kejì sí wa, níbi tí wọ́n ti ń gba owó kọ̀ǹpútà àti fóònù ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú, mo fi àwòrán kẹ̀kẹ́ náà àti ìwọ̀n rẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ó ní òun ti rí irú rẹ̀, òun sì ti borí nínú gbàǹjo náà ní dọ́là méjìlá. Ọkùnrin tó ń tà á máa fi ránṣẹ́ tààrà sí Èkó. Owó ìfiránṣẹ́ wá jẹ́ dọ́là márùndínláàádọ́ta.

Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ.

Ọjọ́ tí mo gbé iye yìí dé ọ̀dọ̀ Màmá ni ọ̀rọ̀ orí àtẹ̀gùn yẹn ṣẹlẹ̀. Wọ́n bi mí pé, "Kẹ̀kẹ́ tó wọ inú àtẹ́lẹwọ́? Níbo ni wọ́n ti ń san owó alábàárù ju owó ọjà lọ?" Ìbéèrè tó wà lọ́kàn èmi náà nìyẹn.

Èmi ni mo san owó náà fún Múfútáù, òun sì ni mo fura sí. Ó ti gba owó awò ojú lọ́wọ́ bàbá mi rí, awò kò sì dé títí bàbá fi kú. Mo kọ̀wé sí i lórí kọ̀ǹpútà pé, "Bẹ̀rù Ọlọ́run. Èló ni ọkùnrin yẹn gbà gan-an?" Ìlà kan ló fi dá mi lóhùn: "Ẹ̀gbọ́n, tí ẹrù bá dé, ẹ wo bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀." Mo rò pé ó kàn fẹ́ fi ìyẹn pa mí lẹ́nu mọ́ ni.

Ẹrù dé. Akọ̀wé ní pósófíìsì, ọkùnrin kan tó fi awò sí imú, gbé e lé òṣùwọ̀n, ó sì fi ìka han mí lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Dọ́là mẹ́sàn-án ni wọ́n san fún ìfiránṣẹ́.

Ó ní, "Ìyáàfin, èló ni wọ́n gbà lọ́wọ́ yín?"

Mo sọ fún un. Ó bọ́ awò, ó nù ún, ó ní, "Ẹnì kan ti fi yín jẹun."

Ta ni ẹnì kan náà? Bébà kò sọ ìyẹn. Múfútáù fi lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà tí ẹni tó ta ọjà kọ sí i ránṣẹ́ sí mi, iye tó bèèrè wà níbẹ̀ gbangba. Mo ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, mo kó o lọ sọ́dọ̀ Màmá pẹ̀lú bébà ara ẹrù. Màmá ní kí Tèrésà kà á. Wọ́n ní kó jáde, wọ́n pe olùkọ́ ìjọ wọn kó wá kà á. Nígbà tí ìyẹn lọ, wọ́n pe tíṣà tó yá yàrá ìsàlẹ̀. Ohun kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kà.

Màmá wá mi orí. "Ohun tí ẹ̀rọ tẹ̀, ta ni kò lè tẹ̀ ẹ́?"

Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí n ṣe aago yìí lọ́fẹ̀ẹ́."

"N kò gba sàráà lọ́wọ́ ẹni tí mo fura sí."

Bẹ́ẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ wà lọ́dọ̀ mi, tí aago wọn sì dákẹ́ lára ògiri. Mo pinnu pé ọkùnrin tó ta ọjà náà fúnra rẹ̀ ni yóò sọ òótọ́. Mo kọ̀wé sí i. Ó dáhùn pé iṣẹ́ wà nínú dídi ẹrù. Mo kọ ọ́ padà pé páálí bísíkíìtì àti ìwé ìròyìn àtijọ́ ló fi dì í. Kò fèsì. Mo tún kọ lẹ́ẹ̀kan sí i, mo sì fi ìbínú sílẹ̀. Mo sọ nípa Màmá fún un, nípa oògùn tí wọ́n lò lẹ́ẹ̀mejì, àti pé wọ́n ti pe èmi ní olè nítorí owó tó gbà. Mo ní n kò bèèrè ohunkóhun ju kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ iye tó gbà sórí ìwé, kí ó fi ránṣẹ́.

Ó lé ní oṣù kan kí lẹ́tà tó dé, kíkọ ọwọ́, tí bírò ti tẹ ìwé náà wọlé. Èmi ni mo gbé e gun àtẹ̀gùn, Tèrésà ló kà á. Ọkùnrin náà ní wọ́n ti sọ fún òun pé gbájúẹ̀ ni gbogbo ẹni tó bá ń ra ọjà láti Èkó. Ó ní òun bu owó lé e kí a lè sá. Nígbà tí a kò sá, tí a san án, òun jẹ ẹ́. Ó ti dá dọ́là mẹ́rìndínlógójì padà fún Múfútáù.

Màmá gba lẹ́tà náà, wọ́n yí i padà, wọ́n fi ìka tọ ẹ̀yìn rẹ̀ níbi tí bírò ti yọ. Wọ́n tọ ọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Ọwọ́ ènìyàn nìyí," ni wọ́n wí. "Sìkírá, má bínú sí mi. Òun fura sí ọ, èmi náà fura sí ọ."

Mo ní kò burú. Wọ́n gbé ojú tí kò ríran sókè sí ibi tí ohùn mi ti wá.

"Ìwọ ńkọ́? Ta lo fura sí?"

Mo dojú kọ aago, mo tú u, mo gbé kẹ̀kẹ́ sí àyè rẹ̀, mo kán epo sí i. Nígbà tí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ lù, Màmá ń ká ìka wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ẹ̀kẹrin wọ́n dúró, wọ́n ń retí. Aago náà dákẹ́. Wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n sì ní kí Tèrésà gbé oògùn wá.

Bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ni mo gbà lọ láti ibẹ̀. Mo ní kí wọ́n bá mi pe Amẹ́ríkà. Múfútáù gbé e, oorun ṣì wà lóhùn rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n? Ṣé kò sí o?"

"Kò sí nǹkan," ni mo wí. "Mo pè láti bẹ̀ ọ́ ni."

Mo sọ fún un bí mo ṣe fura sí i, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Owó fóònù ń lọ, n kò sì kánjú.