Ìyá Sùn-Kí-N-Rí

Kò sẹ́ni tí kò gbọ́ nípa ọjọ́ tí Ìyá Sùn-Kí-N-Rí ní kí ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ ìwakùsà bọ́ bàtà, kó dùbúlẹ̀ sórí ẹní, kó sùn. Ọ̀sán gangan ni. Ọ̀gá wá gba yàrá nínú ilé màmá ni, táì wà lọ́rùn rẹ̀, ó rò pé màmá ń ṣàwàdà ni. Màmá fa àpótí, ó jókòó tì í.

"Ẹ sùn, kí n rí."

Ọ̀gá dijú. Ó yí síhìn-ín, ó yí sọ́hùn-ún, oorun kọ̀, kò wá.

"Ẹ dìde, ẹ máa lọ," ni màmá wí. "Ẹni tí kò rí oorun sùn, kò ní jẹ́ kí àwọn tó kù sùn."

Orí màmá pé. Òkúta ni wọ́n ń wà ní ìlú kékeré yẹn, tọ̀sán-tòru, àwọn ayálégbé rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ òru sì ń fi ọ̀sán sùn. Pákó ni wọ́n fi dá yàrá. Bí ẹnì kan bá hanrun nínú ilé náà, gbogbo ilé ló hanrun.

Ibẹ̀ ni awakọ̀ típà kan gbé ìyàwó rẹ̀ wá. Híhanrun ọkọ ti lé wọn kúrò nílé ju ẹyọ kan lọ. Oyún ìyàwó ti wọ oṣù ìbí, ẹrù wọn sì wà nínú páálí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Wọ́n ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ," ni ìyàwó wí lọ́nà. "Èwo la fẹ́ wò báyìí? Páálí?"

Wọ́n ti dìmọ̀ pọ̀: awakọ̀ yóò díbọ́n bí ẹni tó sùn. Ó nà gbalaja, ó ń mí jẹ́jẹ́ bí ọmọ tuntun. Ìyàwó ń yọ́ ẹ̀rín músẹ́. Màmá bẹ̀rẹ̀, ó sọ sí i létí.

"Awakọ̀, ṣé o ti sùn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ó yá, tún un sùn. Ojúlówó ni kóo sùn o."

Iṣẹ́ òru lawakọ̀ ti ń bọ̀. Kí ìyàwó tó ráyè fẹsẹ̀ tọ́ ọ, oorun gidi ti gbé e lọ. Ó hanrun, ife orí tábìlì bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ayálégbé kan fò síta nínú ṣòkòtò péńpé, ó ní típà ti ya wọlé! Ìyàwó gbá ọkọ nípàá, ó gbá a títí, òkú oorun. Ló bá gbé báàgì rẹ̀, ló bú sẹ́kún.

"Jókòó," ni màmá wí. "Jẹ́ kó sùn. Bí bàbá wọn ṣe máa ń ṣe gan-an nìyí."

Ọkọ màmá tó ti kú ló ń sọ. Látìgbà náà, ilé pa rọ́rọ́ jù fún un. Ẹni tó ń ṣọ́ oorun gbogbo ayé kì í rí oorun sùn. Yàrá ìpẹ̀kun, tí ògiri rẹ̀ kan ti màmá nìkan, ló fún wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọmọ lórúkọ, obìnrin.

Onílé mìíràn a máa kan ògiri nítorí ariwo. Ti màmá yàtọ̀: bí ariwo bá dá ló ń kàn án.

"Bàbá Ìkókó! Ṣé kò sí nǹkan?"

"Mo wà, mà. Mo kàn yíhà ni."

"Tètè máa bá a lọ jàre, oorun ti fẹ́ dá lójú mi."

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni màmá sùn tí kò jí mọ́, awakọ̀ sì ń hanrun lọ́wọ́. Níbi ìsìnkú, ẹnì kan ní, "Ìyá ti sùn, àwa náà ti rí i." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, a sì sunkún.

Lẹ́yìn ìyẹn, awakọ̀ kò hanrun mọ́. Yóò dùbúlẹ̀, yóò la ojú sílẹ̀, yóò kọjú sí ògiri.

"Kí lò ń dúró dè?" ni ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Wọn ò tíì kan ògiri."

Ọmọ wọn, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀rọ̀, gbọ́. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó fi ọwọ́ kékeré kan pákó náà, gbà, gbà.

"Bàbá Ìkókó! Ṣé kò sí nǹkan?"

"Mo wà, mà," ni bàbá rẹ̀ dáhùn. Ó nu ojú, ó yíhà, ife orí tábìlì sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó.