Ìgò tí Nọ́ọ̀sì Mọ́ládé So Mọ́ Igi Ààlà

Bí àlejò bá dé Tẹ̀dé tó ń béèrè ọ̀nà abà kan tí kò sí lójú títì, wọ́n sábà máa ń ní kó lọ bi Nọ́ọ̀sì Mọ́ládé. Ọdún kọkànlá rẹ̀ rèé tó ti ń de kúlà abẹ́rẹ́ àjẹsára mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù, tó ń lọ láti abà dé abà. Ó mọ odò tí alùpùpù lè là kọjá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó mọ èyí tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ nìkan ló gbà á. Ó mọ ilé tí ajá wọn ń géni jẹ. Obìnrin tó ti lé lógójì ọdún ni, ara rẹ̀ gbẹ, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Ìlọrin, Ìmọ́lẹ̀, ọmọ wọn kan ṣoṣo, sì wà nílé ẹ̀kọ́ gíga ní Ṣakí. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, ilé a máa pa rọ́rọ́.

Bóyá ìdákẹ́rọ́rọ́ yẹn ló jẹ́ kí eré àpamọ́ wọ̀ ọ́ lára. Agùnbánirọ̀ kan tó ń jẹ́ Peter ló kọ́ ọ. Ẹnì kan á fi ike kékeré pamọ́ síbì kan, á fi fóònù gba nọ́ńbà tí satẹ́láìtì fi mọ ibẹ̀, á gbé nọ́ńbà náà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹlòmíràn á tẹ̀ lé nọ́ńbà yẹn títí yóò fi rí ike náà, á kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé pélébé tó wà nínú rẹ̀, á sì dá a padà gẹ́lẹ́ bó ṣe bá a. Kò sí owó níbẹ̀, kò sí ife ẹ̀yẹ. Káàkiri ayé ni wọ́n ti ń ṣe é. Nígbà tí Peter parí ìsìnrúlú tó sì bá tirẹ̀ lọ, Mọ́ládé kò jáwọ́.

Ní gbogbo Òkè-Ògùn, àwọn tó ń ṣe é kò ju méje lọ. Orí Wásáàpù ni wọ́n ti ń pàdé. Olúsọjí, tíṣà jọ́gíráfì kan ní Ìgbẹ́tì, ni aláwàdà wọn. Mọ́ládé ni wọ́n ń pè ní Ìyá Ẹgbẹ́, nítorí òun ló ń kọ́ àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Á ní kí wọ́n má dá lọ, kí wọ́n má sì jáde láìsọ fún ẹnì kan nílé ibi tí wọ́n ń lọ àti ìgbà tí wọ́n ń bọ̀. Bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀ ni kí wọ́n wọ̀, kí wọ́n mú ọ̀pá dání, torí pé kì í ṣe ọwọ́ la fi ń wo ihò àpáta. Ọ̀pá la kọ́kọ́ ń tì bọ̀ ọ́, kí ohun tó bá sùn síbẹ̀ lè tètè jáde. Omi tí wọ́n bá rò pé yóò tó, kí wọ́n mú ìlọ́po méjì rẹ̀. Lásìkò tí àwọn ọdẹ ń finá sígbó, kí kálukú jókòó sílé. Pẹ́ńsù ni kí wọ́n fi kọ orúkọ, torí ooru máa ń ba bírò jẹ́. Kí wọ́n má fi ohun jíjẹ sínú ike, bí wọn ò bá fẹ́ kí eku ṣí i fún wọn. "Láyé ajínigbé tí a wà yìí," á wá sọ, "ẹni tó ń wo fóònù kiri inú igbó ń wá ìjàngbọ̀n. Ẹ kọ́kọ́ wá ẹni tó loko. Ẹ kí i, ẹ sọ ohun tí ẹ bá wá, ẹ tọrọ àyè." Ọ̀rọ̀ yìí ló ń tẹnu mọ́ jù lọ, òun gan-an ló sì rú.

Oṣù Kejìlá ni. Ó ń bọ̀ láti Abà Ìdí-Emi lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó rí igi irúgbá ńlá kan láàárín oko kajú méjì, ihò kan wà lára rẹ̀ níbi tó ga dé èjìká. Ràmọ́nì àti àbúrò rẹ̀ Mojeed ló ni oko méjèèjì, ọmọ bàbá kan náà, ìyá wọn yàtọ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni lóko lọ́jọ́ náà. Mọ́ládé rò ó pé kò sí ilé tí wọn ò ti mọ òun ní abà yìí, pé òun kì í ṣe àlejò. Ó mú ìgò oògùn oníke kan tó ti ṣófo jáde, ó fi ìwé àti pẹ́ńsù sí i. Funfun rẹ̀ ń tàn yanran, nítorí náà ó fi àkísà dúdú wé e, ó ṣa háhá àgbàdo nílẹ̀, ó fi bò ó. Ó fi okùn so ó mọ́ ẹ̀ka kékeré kan kó má baà já bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá rí i, ó tì í bọ inú ihò, ó gba nọ́ńbà ibẹ̀, ó lọ. Ní oṣù Kìíní, Olúsọjí àti ẹnì kejì rí i. "Ìyá Ẹgbẹ́, ojú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ kí n tó rí tiyín!" ni Olúsọjí kọ ránṣẹ́. Mọ́ládé dá nìkan rẹ́rìn-ín nínú pálọ̀ rẹ̀.

Kò padà lọ wò ó. Ọyẹ́ ọdún náà le. Atẹ́gùn rẹ̀ ló fa ìgò náà yọ nínú ihò, ló bá rọ̀ dirodiro lórí ààlà.

Nínú oṣù Kẹta, nígbà tó lọ fún àwọn ọmọ Ìdí-Emi lábẹ́rẹ́, ó bá Àwáwù, ìyàwó Ràmọ́nì, tó gbé Sodiqat sẹ́yìn. Ọdún mẹ́sàn-án ni Àwáwù fi wá ọmọ yìí. Mọ́ládé ló tọ́jú oyún náà dé òpin, òun ló sì gbẹ̀bí rẹ̀.

"Ìyá Sodiqat, ìgbà kajú rèé, ẹ ò sí lóko?"

"Oko wo, Nọ́ọ̀sì? Wọ́n ti pa ààlè síbẹ̀."

"Ta ni?"

"Ta ni ì bá tún jẹ́? Mojeed ni. Kò tíì tẹ́ ẹ lọ́rùn láti ìgbà tí bàbá wọn ti pín oko. Ìyàwó rẹ̀ wá pàdé mi lódò, ó ní àwa la so ó! Ẹ ò gbọ́ irọ́?"

Obìnrin kan tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ máa fà á o. Màlúù ti ń jẹ kajú yín. Màlúù ò mọ ààlè."

"Irú ààlè wo ni?" Mọ́ládé bèèrè.

"Àkísà dúdú ni, pẹ̀lú háhá àgbàdo. Bí atẹ́gùn bá mì ín, nǹkan kan á máa dún nínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó jẹ́ sún mọ́ ọn."

Mọ́ládé mọ̀ pé pẹ́ńsù òun ni ohun tó ń dún. Lọ́mọdé, nínú oko bàbá tirẹ̀, ó rí ààlè lónírúurú, ó sì mọ̀ pé ẹni tó bá so ààlè nìkan ló ń tú u. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó ń wé ìgò, ìgò nìkan ló rí. Kò fi ojú ẹlòmíràn wò ó. Nísinsìnyí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá tí èso ń já bọ́ lábẹ́ igi lóko méjèèjì, tí òjò àkọ́rọ̀ sì ń ṣú. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò kò kí ara wọn mọ́, kò sì sí èyí tó jẹ́ bi èkejì léèrè. Àwáwù ní Mojeed ti ń pọ́n àdá láràárọ̀.

Ó yẹ kó sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin tó lé lógún ló jókòó pẹ̀lú ọmọ, gbogbo wọn ló ń wo ọwọ́ rẹ̀ tó mú abẹ́rẹ́ dání. Ó ní, "Ó mà ṣe o," ó pe ọmọ tó kàn.

Nígbà tó délé, ó pe Olúsọjí, ó rò fún un.

"Ẹ̀yin lẹ dá ààlè sílẹ̀!" Olúsọjí rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́.

"Olúsọjí, wọ́n fẹ́ ṣá ara wọn ladàá."

Ẹ̀rín náà dákẹ́. "Ẹ lọ yọ ọ́ ní kùtùkùtù, kẹ́nikẹ́ni má rí yín. Kálukú wọn á rò pé èkejì ló tú u. Ó tán."

"Bí wọ́n bá rò pé èkejì ló jí i gbé ńkọ́?"

"Ìyá Ẹgbẹ́, ẹ jọ̀ọ́. Bí ẹ bá sọ ọ́, ta ni yóò tún gbé ọmọ wá fún yín? Wọ́n á ní ẹni tó ń so nǹkan mọ́gi lóru ló ń gún ọmọ àwọn lábẹ́rẹ́."

"Ọ̀sán gangan ni mo so ó."

"Ta ni yóò gbà bẹ́ẹ̀?"

Ohun tó bà á lẹ́rù nìyẹn. Ọdún mọ́kànlá ló fi wá ìgbẹ́kẹ̀lé àwọn ènìyàn yìí. Ó rántí ọdún tí wọ́n ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú, tí wọ́n ń sọ pé abẹ́rẹ́ yìí ò ní jẹ́ kọ́mọ wọn bímọ. Bí ilẹ̀kùn wọ̀nyẹn bá tún padà tì, ọmọ ni yóò kú.

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, ó gbọ́ràn sí Olúsọjí lẹ́nu. Òun nìkan ló lọ, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó fi alùpùpù sílẹ̀ létí odò, ó fẹsẹ̀ rìn dé ìdí irúgbá. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń nawọ́ sí okùn ni ẹnì kan pariwo lẹ́yìn igi kajú.

"Nọ́ọ̀sì! Ẹ má fọwọ́ kàn án!"

Mojeed ni, pẹ̀lú àdá. Ó sáré wọ àárín Mọ́ládé àti igi náà, ó na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni ń dá ewúrẹ́ padà.

"Ààlè ni, ẹ ò mọ̀ ni? Ọwọ́ tó bá kàn án á wú. Ọwọ́ yín kọ́ ló yẹ kó wú, ọwọ́ tó ń tọ́jú ọmọ wa. Ṣé ọ̀nà ló ṣì yín?"

Ó ti bá a la ọ̀nà irọ́ sílẹ̀. Kó ṣáà sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kó yí padà.

"Kí lẹ̀ ń ṣe níbí láàárọ̀ yìí?" Mọ́ládé bi í.

"Mò ń ṣọ́ ọ ni. Ọjọ́ kẹfà rèé. Ọjọ́ tí Ràmọ́nì bá wá tọwọ́ bọ ààlè rẹ̀, ọjọ́ náà la ó mọ ẹni tí bàbá wa bí." Ó fi àtàǹpàkò kan ẹnu àdá náà.

Mọ́ládé wo àdá. "Èmi ni mo so ó, Mojeed."

"Ẹ̀yin kẹ̀!" Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín.

Mọ́ládé nawọ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó tú okùn náà. Mojeed fò sẹ́yìn. Mọ́ládé bọ́ háhá kúrò, ó tú àkísà, ó ṣí ìgò, ó da ohun tó wà nínú rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́: pẹ́ńsù kan, ìwé kan tí wọ́n ká. Mojeed, tó ka ìwé mẹ́fà, gba ìwé náà, ó ń kà á díẹ̀díẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Ta ni Olúsọjí? Kí ni orúkọ èèyàn ń ṣe nínú ìgò lóko bàbá mi?"

Mọ́ládé ṣàlàyé. Ó fi fóònù hàn án. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ satẹ́láìtì, ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ń bọ̀ sí i létí bí irọ́. Eré ni. Àgbàlagbà ló ń ṣe é. Kò sí èrè níbẹ̀. Mojeed ò jẹ́ kó parí. Ó kọjú sí ọ̀nà abà, ó fi gbogbo agbára pe orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, orúkọ tí kò ti pè láti oṣù kan.

Ràmọ́nì dé. Ó gbọ́ tẹnu àbúrò, ó gbọ́ ti Mọ́ládé, ó yí ìgò náà síwá sẹ́yìn lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló bèèrè.

"Lọ́jọ́ tí ẹ wá so ó, ta lẹ bi?"

"Mi ò bi ẹnikẹ́ni, Bàbá Sodiqat. Ẹ má bínú."

Ràmọ́nì dá ìgò padà fún un. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò wo ara wọn, ojú ti àwọn méjèèjì. Mojeed ló kọ́kọ́ lanu. "Bùrọ̀dá, òjò ń bọ̀ o." Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa kajú, kálukú lápá tirẹ̀. Èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ ti dúdú nílẹ̀. Kò sí ẹni tó tún wo Mọ́ládé, ó sì gba ibi tó gbà wá padà.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì tó tẹ̀ lé e, ó lọ sí ibi mẹ́jọ yòókù tó fi nǹkan pamọ́ sí, ó wá ẹni tó nilẹ̀ kàn. Mẹ́ta yọ̀ǹda, ó kó ìyókù kúrò. Ó kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ láìyọ nǹkan kan sílẹ̀.

Nígbà tó padà sí Ìdí-Emi nínú oṣù Kẹrin, èéyi ti mú ọmọ méjì ní abà kan tí kò jìnnà. Ó gbé kúlà rẹ̀ kalẹ̀, ó jókòó. Ọ̀rọ̀ ìgò náà ti tàn ká abà; obìnrin mẹ́fà péré ló wá. Nígbà tí oòrùn ń kan àtàrí, Àwáwù gba ẹ̀yìn ilé yọ, ó ti fi ìborùn bo ọmọ mọ́lẹ̀.

"Ẹ gún un kíákíá. Bàbá rẹ̀ ní ọmọ òun ò gbọdọ̀ gba abẹ́rẹ́ yín mọ́, ṣùgbọ́n oko ló wà. Kò ní mọ̀."

Sodiqat ti pé oṣù mẹ́sàn-án. Abẹ́rẹ́ èéyi ti wà ní sẹpẹ́. Mọ́ládé mú un dání, ó sì tún gbé e padà sínú kúlà. Bí Ràmọ́nì bá wá mọ̀, àwọn mẹ́fà tó wá yìí náà kò ní wá mọ́.

"Àwáwù, mi ò ní fi ohunkóhun pamọ́ ní abà yìí mọ́. Jẹ́ ká lọ bá a."

"Ẹ fẹ́ kó lù mí ni?"

"Èmi ni n ó sọ̀rọ̀. Màá sọ fún un pé èmi ni mo ní ká wá bá a."

Wọ́n bá Ràmọ́nì lábẹ́ igi, ó ń ṣẹ́ kajú sínú apẹ̀rẹ̀. Kò dìde.

"Bàbá Sodiqat, mo wá bi yín léèrè ni. Èéyi ti dé ẹ̀gbẹ́ wa. Ẹ jẹ́ kí n fún ọmọ yìí lábẹ́rẹ́."

"Ẹ ti wá mọ ìbéèrè báyìí."

"Mo ti mọ̀ ọ́n."

"Bí mo bá ní rárá ńkọ́?"

"Màá lọ. Màá tún padà wá béèrè."

Ràmọ́nì ṣẹ́ kajú mẹ́rin, márùn-ún. Ó gbójú sókè wo ọmọ tó sùn léjìká ìyá rẹ̀, ó pẹ́ kó tó mójú kúrò.

"Rárá ni tòní," ó sọ. "Ẹ jẹ́ ká rí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

Àwáwù bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún láìpariwo. Mọ́ládé fọwọ́ kàn án léjìká, ó gbé kúlà rẹ̀, ó kọrí sí ibi tí alùpùpù wà. Ọjọ́ méje ni. Ó mọ̀ pé èéyi kì í ka ọjọ́.