Ẹni Tó Pè Mí ní Àjàní Lọ́nà Karmo

Ayé tí a mọ̀ parí ní àárọ̀ Ọjọ́rú kan, nígbà tí mo jókòó sójúde, tí mò ń gé èékánná. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ nígbà náà, ilé kékeré tí mo kọ́ lápá Karmo, ní Abuja, la sì ń gbé. Ìyàwó mi, Ìyá Báyọ̀, ti lọ sí ìsìn àárín ọ̀sẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun rẹ̀. Ó wọ sùtánà, ó sì fẹsẹ̀ lásán lọ, nítorí pé ẹni tó bá wọ aṣọ yẹn kì í wọ bàtà.

Èmi kì í bá a lọ. Ní ṣọ́ọ̀ṣì tèmi, inú ìwé la ti ń ka àdúrà, a sì máa ń ṣe tán kí ebi tó pa wá. Mo lọ sí yunifásítì láyé ìgbà tí wọ́n ṣì ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní adìyẹ jẹ lọ́jọ́ ìsinmi. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí kò lè gbà á gbọ́. Ibẹ̀ ni mo ti gbà lọ́kàn mi pé Ọlọ́run ti sọ̀rọ̀ tán láyé àtijọ́, ó kù ká máa ka ohun tó sọ.

Ìjà àwọn ọlọ́kadà àti àwọn onísọ̀ ló dá rògbòdìyàn ọjọ́ náà sílẹ̀. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ó ti di ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn. Ẹ̀yin tí ẹ kò sí níbẹ̀, ẹ má rò pé ìbọn lèèyàn kọ́kọ́ ń gbọ́. Páànù ni. Wọ́n ń fi irin lu páànù ìsọ̀ láti òpin àdúgbò wá, ariwo náà sì ń súnmọ́ wa. Lẹ́yìn rẹ̀ ni a gbọ́ tí wọ́n ń ti ilẹ̀kùn, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn. Lẹ́yìn náà ni ìbọn.

Ọkùnrin kan ládùúgbò wa sáré kọjá, ó gbé ọmọ méjì mọ́ àyà.

"Bàbá Báyọ̀, kí lẹ ṣì ń ṣe níbí? Wọ́n ti dáná sun ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun!"

"Àwọn èèyàn inú rẹ̀ ńkọ́?"

"Mi ò mọ̀, sà. Ẹ bá ẹsẹ̀ yín sọ̀rọ̀!"

Mo bá ẹsẹ̀ mi sọ̀rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibi tí èéfín wà ni mo kọrí sí.

Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé oríta nígbà tí ẹnì kan pè mí. "Àjàní, dúró!" Ohùn obìnrin ni, kò pariwo, bí ìgbà tí èèyàn dúró ti etí mi. Mo dúró. Mo wẹ̀yìn, n kò rí ẹnikẹ́ni. Bí mo ṣe dúró yẹn ni ọkọ̀ akẹ́rù kan já sí oríta, àwọn ọ̀dọ́ kún ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú àdá àti ìbọn. Mo dùbúlẹ̀ sẹ́yìn búlọ́ọ̀kù tí wọ́n sá sóòrùn. Ìyá mi tó ń fi oríkì pè mí ti kú tipẹ́. Ní gbogbo Abuja, ìyàwó mi nìkan ló tún mọ̀ ọ́n, Bàbá Báyọ̀ lòun náà sì máa ń pè mí.

Ẹnì kan fà mí láṣọ. Alfa Onírọ́bà ni, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta abọ́ rọ́bà lọ́jà Utako. "Ẹ dìde, bàbá. Ẹ má sọ̀rọ̀." Ó mú mi gba ẹ̀yìnkùlé wọ mọ́sálásí kékeré tó ń bójú tó.

Àwọn obìnrin kún inú rẹ̀, aṣọ funfun, ìborí funfun, wọ́n forí kanlẹ̀. Ẹ̀yìn wọn nìkan ni mo rí. N kò tíì lè pe orúkọ ìyàwó mi tí wọ́n fi gbá ilẹ̀kùn.

"Kai! Àwọn wo ló wà níbẹ̀?"

Alfa ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀, ó fi Hausa dá wọn lóhùn pé àwọn obìnrin ni, wọ́n ń gbàdúrà. Kò parọ́. Ọmọkùnrin kan yọjú, ó wò wọ́n títí. Èmi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mò ń wo àtẹ́lẹsẹ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ìlà kẹta, mo rí gìgísẹ̀ òsì kan tó ní àpá gígùn. Irin ló ya á nígbà tí à ń kọ́ ilé wa. Mo ki ọwọ́ bọ ẹnu kí n má baà ké.

"Yauwa," ọmọkùnrin náà wí, bí ẹni pé ó tẹ́ ẹ lọ́rùn, wọ́n sì lọ.

Nígbà tí ariwo wọn jìnnà, ìyàwó mi gbórí sókè, ó rí mi. Kò sunkún. Ó ní, "Ẹ bọ́ bàtà yín, mọ́sálásí nìyí." Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, a sì ń fọwọ́ bo ẹnu.

Alfa ní, "Nígbà tí wọ́n sáré dé, mo fẹ́ sọ pé kí wọ́n bọ́ bàtà. Mo wo ilẹ̀, kò sí bàtà! Mo fẹ́ fi ibi tí wọn yóò kọjú sí hàn wọ́n, wọ́n ti kọjú sí ìlà oòrùn. Mo ní, ẹ̀yin wọ̀nyí, ta ló kọ́ yín?"

Ibẹ̀ la wà títí di ọjọ́ kejì. Alfa po gàrí ìwọ̀nba tó ní sínú kẹ́tùlù àlùwàlá, à ń gba ẹnu rẹ̀ mu ún, àwọn ọmọdé lákọ̀ọ́kọ́. Ebi pa wá. Mo bi ìyàwó mi bóyá òun ló pè mí lójú ọ̀nà.

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ pè yín? Mo dojú bolẹ̀ níbí."

"Kí lò ń sọ nínú àdúrà?"

Ojú tì í díẹ̀. "Orúkọ ìrìbọmi yín wọ́pọ̀ jù. Mi ò fẹ́ kí Ọlọ́run lọ gba ẹlòmíì là. Mo ní, Olúwa, Àjàní ni, bá mi dá a dúró."

Obìnrin tó kúnlẹ̀ tì í nígbà náà ní òun kò gbọ́ kí ohùn kankan jáde lẹ́nu rẹ̀.

Àwọn sójà dé, a jáde. Kò sí ariwo ẹ̀rọ, kò sí ọ̀kadà, ajá pàápàá kò gbó. Wọ́n ti yọ ilẹ̀kùn ilé wa lọ. A jókòó sójúde, a di ọwọ́ ara wa mú, inú wa sì dùn bíi ti ọmọ tuntun.

Mo ṣì ń ka àdúrà mi láti inú ìwé, mo fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti ṣe Àmín, n kì í dìde mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ìyá Báyọ̀ á pè láti yàrá pé, "Bàbá Báyọ̀, ṣé ẹ ti sùn lọ ni?"

Màá ní rárá, mò ń tẹ́tí sílẹ̀ ni.