Fóònù Tó Pè Mí Ní Òpè

Mo rántí ìgbà tí fóònù kọ́kọ́ pè mí ní òpè. Ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí Pobè nígbà náà, ètè gbogbo wa ti bẹ́, mo sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mò ń yin àgbàdo. Ọmọ ọmọ mi obìnrin, ẹni tó ń kọ ohun tí mò ń wí yìí sílẹ̀, ti Àjàṣẹ́ dé fún ìsinmi. Ó gbé fóònù rẹ̀ lé mi lórí itan, ó ní, "Ìyá àgbà, ẹ fọwọ́ kàn án." Mo wo inú gíláàsì náà, ọpọ́n ayò ni mo rí. Ihò méjèèjìlá pé, ọmọ ayò mẹ́rin mẹ́rin wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń dán bí ẹni fi epo pa wọ́n. Mo ní ta ló gbẹ́ ẹ? Ó ní òun ni. Mo bú sẹ́rìn-ín, nítorí èmi gan-an ni mo kọ́ ọmọ yìí ní ayò, nígbà tí eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ká. Inú ilẹ̀ dúdú tiwa yìí, tó máa ń sán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ni a gbẹ́ ihò sí, èkùrọ́ la sì fi ń ta á.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín fún un ṣá. Iṣẹ́ ọ̀dínátọ̀, ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà, ló ń kọ́ ní Àjàṣẹ́, àwọn tó ń kọ́ wọn sì ti dá ọjọ́ kan tí kálukú yóò gbé eré tó ṣe síwájú àwọn èèyàn. Ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá lọ láàárín ìgboro lè wọlé wá ṣeré níbẹ̀. Ọmọ tí àwọn èèyàn kò bá fẹ́ gbé eré tirẹ̀ sílẹ̀, wọn á mú un kó máa kọ́ṣẹ́ lọ. Àwọn yòókù á máa lọ sílé bàbá wọn. Bàbá tirẹ̀, ọmọ mi ọkùnrin, kàmíọ̀n ló ń wà lójú ọ̀nà Onigbolo, òkúta ẹfun ló ń kó. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ọmọ fi ọpọ́n náà hàn mí ló wọlé dé, eruku ti sọ irun ojú rẹ̀ di funfun bíi ti bàbá àgbà, ó bá ọmọ náà pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́.

Ó ní, "Eré? Èmi ń jẹ eruku lójú títì, ìwọ ń ṣeré? Ó dáa. Tí wọn kò bá mú ọ lọ́jọ́ tí wọ́n wí yẹn, iṣẹ́ aránṣọ ló kàn. Ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá rẹ ṣì wà nínú yàrá." Ó yíjú sí mi. "Ìyá, ẹ má bá mi kẹ́ ẹ o."

Nígbà tí bàbá rẹ̀ wọlé lọ wẹ̀, ọmọ náà rọra sún mọ́ mi, ó ní, "Ìyá àgbà, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n ta jù nínú gbogbo ẹni tí mo mọ̀. Ẹ bá mi ta á, kí ẹ sọ ohun tó kù díẹ̀ káàtó fún mi." Ta ni wọ́n á wí báyìí fún tí orí rẹ̀ kò ní wú?

Mo ta á. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, fóònù ti jẹ mí tán, ihò tèmi ti ṣófo. Ohùn kan jáde nínú rẹ̀, ó ní, "Òpè! Lọ kọ́ ọ wá!" Ẹni tó bá mọ ayò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ la ti ń ṣe é. Ẹni tó bá borí ni ọ̀ta, ẹni tó bá pàdánù ni òpè, ọ̀ta sì gbọ́dọ̀ fi òpè ṣẹ̀sín kí ayò tó lè dùn. Ṣùgbọ́n ohùn ta ni mo gbọ́ yìí? Ohùn ọmọ ọmọ mi ni. Ohùn tí mo mọ̀ láti ọjọ́ tó ti ń sunkún ọmú, òun ló ń pè mí ní òpè lójú àwọn ará ilé. Mo da ojú fóònù délẹ̀ lórí àgbàdo.

Mo ní, "Ọkọ mi, ṣé èmi lò ń bá wí?"

Ó ti kúnlẹ̀ kí n tó parí ọ̀rọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá àgbà, fóònù ni."

"Fóònù kò lẹ́nu. Ẹnu tìẹ ni. Báwọn àgbà Àjàṣẹ́ bá gbọ́ èyí, ṣé wọn kò ní sọ pé inú igbó ni wọ́n ti wò ọ́ dàgbà?"

Ó ní òun gbọ́, òun á tún un ṣe. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó tún gbé e wá. Lọ́tẹ̀ yìí, fóònù kọ́kọ́ kí mi: "Ẹ káàárọ̀, Ìyá àgbà, ṣé ẹ jí dáadáa?" Mo ta á, mo borí. Ó ní, "Ọgbọ́n yín pọ̀ o, Ìyá àgbà." Mo tún un ta, mo tún borí. Áà, ẹ ò rí mi! Bí mo bá lọ pọnmi nídìí ẹ̀rọ omi, n ó dúró títí àwọn obìnrin yóò fi pé kí n tó bẹ̀rẹ̀ ìròyìn. Mo sọ fún ẹlẹ́kọ, mo sọ fún ẹni tó fi zémì, alùpùpù akérò, gbé mi lọ sóko, mo ní ẹ̀rọ òyìnbó kò lè bá mi ta ayò. Ẹni tí mo sọ fún lẹ́ẹ̀kan, mo tún ń padà sọ fún un. N kò bi ara mi pé kí ló dé tí ẹ̀rọ tó jẹ mí tán lánàá fi wá ń pàdánù lónìí.

Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí nǹkan náà fi tẹ́ lẹ́nu mi bí ẹ̀wà tí kò níyọ̀. Bí ọmọ bá gbé e wá, n ó ní, "Gbé e sílẹ̀ níbẹ̀ ná, kí n yin èyí tán." Àgbàdo á tán, n ó sì wá iṣẹ́ mìíràn. Ọmọ náà gbé e lọ bá àwọn tó ń gun zémì tó máa ń dúró lábẹ́ máńgòrò ní oríta. Kálukú wọn ta á lẹ́ẹ̀kan, wọ́n borí, wọ́n ní, "Ó dára." Wọ́n dá a padà. Ẹ̀yin náà mọ "ó dára" yẹn. Ohun tí àlejò máa ń sọ nípa ọbẹ̀ tí kò ní bu kún ni. Mo rí i nígbà tó ń padà bọ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ wọ́lẹ̀, ọjọ́ Àjàṣẹ́ sì ń súnmọ́. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo rí i tó wọ yàrá lọ, tó ṣí aṣọ lójú ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá rẹ̀, tó wò ó fún ìgbà díẹ̀, tó sì tún bò ó padà.

Mo ní kí a lọ kí ìyálé mi ní Sakété. Kí n má purọ́, mo fẹ́ kí ó yin ọmọ náà kí inú rẹ̀ dùn, mo sì fẹ́ kí òun náà gbọ́ pé mo ti di ọ̀ta. Èmi àti ìyálé mi yìí jọ gbé nílé ọkọ kan ní Aguidi. A jà lórí igi ìdáná, a jà lórí omi, a jà lórí adìyẹ tó yé sábẹ́ ibùsùn ẹni tí kò ni ín. Ṣùgbọ́n bí a bá ti jẹun ìrọ̀lẹ́ tán, a ó jókòó sídìí ọpọ́n. Á lù mí títí ojú mi á fi pọ́n. Lẹ́yìn tí ọkọ wa papò dà, òun bá àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí Sakété, èmi padà sí Pobè.

Orí ẹní la bá a, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ó gbójú sókè. "Ìyàwó! Ìyàwó, kí ló ṣe ọ́ tí o fi darúgbó tó báyìí?"

Mo ti ní àtọmọdọ́mọ, eyín mi ti ń ká lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyàwó náà ni mo ṣì jẹ́ fún un. Mo kúnlẹ̀. "Ìyálé mi, ẹ kú ilé."

A fi fóònù lé e lọ́wọ́. Ó ta á, ó borí, ó mi orí. Ó tún un ta, ó tún borí, ó dijú kan wò ó. Nígbà tó di ẹ̀kẹta, mo rí i pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ń ta ìtakúta ni, ó ń kó ọmọ ayò síbi tí ọmọdé kò ní kó o sí. Síbẹ̀ fóònù wá ọ̀nà, ó pàdánù. Ìyálé mi bú sẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Òkú ajá kì í gbó, òkú àgbò kì í kàn. Ta ló pa ẹran yìí?"

Ọmọ náà doríkodò. "Èmi ni, Ìyá àgbà. Mo ní kó máa gbà fún àgbà."

"Ta ló ní kí o ṣe bẹ́ẹ̀?"

Ọmọ náà kò wo ọ̀dọ̀ mi. Àìwò tí kò wò mí yẹn gan-an ló dùn mí jù. Ẹni a ní kó féni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Mo ní, "Ìyálé mi, ó pè mí ní òpè ni!"

"Ṣé o kì í ṣe òpè ni? Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé ọ wọlé ni mo ti ń pè ọ́ bẹ́ẹ̀. Ta ló sì máa ń wá gbé ọpọ́n síwájú mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì?"

Ó wá bi mí bóyá mo ti gbàgbé bàbá ọkọ wa. N kò gbàgbé. Nígbà tí bàbá náà darúgbó, gbogbo agbo ilé ló ń gbà fún un lórí ọpọ́n nítorí ọjọ́ orí rẹ̀. Bàbá kàn fi ọpọ́n há òrùlé, kò jáde sí abẹ́ igi mọ́. Ìyálé mi ló lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, tó gbé ọpọ́n sọ̀kalẹ̀, tó sì lù ú ní àlùbami. Bàbá pariwo, ó ní ta ló bí obìnrin yìí, ó ní kó tún un tò. Láti ọjọ́ náà ló ti tún ń jáde síta.

Ìyálé mi ní, "Orúnkún ni mo fi bọ̀wọ̀ fún bàbá, n kò fi ọwọ́ ayò bọ̀wọ̀ fún un. Ẹni tó bá gbà fún ọ kò bá ọ ṣeré, àánú rẹ ló ń ṣe é. Ta ló ń fẹ́ àánú?"

Ọmọ náà gbójú sókè. Ó ní, "Ṣùgbọ́n Ìyá àgbà, ohùn ọmọdé kò lè bú àgbà." Ìyálé mi ní òótọ́ ni. Ó ti ẹ̀wà sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Èmi ńkọ́? Ta ló dàgbà jù mí lọ? Mú nǹkan yẹn wá, kí n bú wọn."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe sọ̀rọ̀ sínú fóònù. Ojú mi ló ń wò bó ti ń sọ ọ́: "Ìyàwó, òpè ni ọ́! Ìyàwó, ọwọ́ rẹ ti kú! Ìyàwó, lọ dáná, wá padà wá ta á lọ́la!" Ọmọ náà ní ó ku èyí tí fóònù yóò sọ bí ẹlòmíràn bá borí. Ìyálé mi ní, "Ta ló fẹ́ borí mi?" A bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbà, kò sọ ọ̀rọ̀ kankan sí i. Ọmọ náà ní ó dáa, kí fóònù dákẹ́ bó bá pàdánù.

Sakété la sùn títí ọmọ náà fi tún un ṣe tán. Ìyálé mi ló kọ́kọ́ bá a ta, ohùn ara rẹ̀ sì pè é ní ìyàwó tí ọwọ́ rẹ̀ ti kú. Ó fò dìde. "Ta lò ń pè ní ìyàwó?" Ẹ̀wà jóná lórí iná lọ́jọ́ náà, kò sì sẹ́ni tó dìde sọ̀ ọ́, nítorí èmi ń dúró kí ó kàn mí, òun kò sì fẹ́ gbé e sílẹ̀.

N kò bá wọn lọ sí Àjàṣẹ́, orúnkún mi kò gbà. Bàbá rẹ̀ ló gbé e lọ, ó ní kí òun lè fojú ara òun rí i ni. Nígbà tó padà dé, ó jókòó tì mí, kò tíì wẹ̀. Ó ní bàbá arúgbó kan wọlé láti ọjà, ó dé fìlà, ó ní òun kàn fẹ́ sinmi ẹsẹ̀ ni. Fóònù lù ú, ó pè é ní ìyàwó. Bàbá náà ní, "Èmi! Ìyàwó!" Ó ṣí fìlà, ó gbé e lé orí itan, kò sì dìde mọ́. Àwọn èèyàn tò sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń kọ́ ọ ní ibi tí yóò ta á sí. Ọmọ mi ní, "Wọ́n mú un, Ìyá, á máa kọ́ṣẹ́ lọ." Mo ní ìwọ ńkọ́, ṣé o ta á? Ó nu eruku ojú rẹ̀. "Ó lù mí. Ẹ má sọ fún un pé ẹ̀ẹ̀melòó."

Ìyálé mi ti lọ bá ọkọ wa báyìí. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ tí a sin ín ní Sakété. Nígbà tí mo délé, ọmọ ọmọ mi bi mí bóyá kí òun yọ ohùn náà kúrò nínú fóònù tó fi sílẹ̀ fún mi. Mo ní bó bá dán an wò, èmi àti ẹ̀ ni.

Àràárọ̀, bí mo bá ti bu omi sójú, mo máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, n ó ta á. Bí mo bá pàdánù, á bú mi, n ó sì gbọ́ ọ bí ẹni pé ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín wa. Bí mo bá borí, á dákẹ́. Nígbà mìíràn mo máa ń rí i pé ọ̀kan ṣoṣo ló kù kí n jẹ ẹ́ tán, ìka mi á sì dúró lórí gíláàsì, torí mo mọ̀ pé n kò ní gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó rọrùn kí n ta ìtakúta, kí ó lè bú mi. Ṣùgbọ́n mo mọ ojú tí ìyálé mi máa fi wò mí bí mo bá gbà fún un. N ó yí orúnkún díẹ̀ sórí ẹní, n ó ní, "Ìyálé mi, ẹ má bínú." N ó sì jẹ ẹ́.